Ọrun Tí Afọlábí Káfíńtà Gbẹ́

Àwọn tó ń sọ pé Afọlábí ẹ̀gbọ́n mi kò ka bàbá wa sí, kí wọ́n wá sọ ọ́ lójú mi. Bẹ́ǹṣì tí àwọn ọmọ Ìlá jókòó lé kàwé lọ́dún tí ìjọba sọ ilé-ìwé di ọ̀fẹ́, ta ló kàn án? Òun ni. Tábìlì tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa, òun ni. Ilẹ̀kùn ilé Bàbá Babáyẹmí, olórí àwọn ọdẹ, tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń tì láti ọjọ́ yìí wá tí kò dún rí, òun náà ni. Ohun kan ṣoṣo ló bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ọwọ́ èmi Bọ́láwùmí, àbúrò rẹ̀, sì wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí inú fi máa ń bí mi bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń dá òun nìkan lẹ́bi.

Ọdẹ ni bàbá wa, Ògúndélé. Ó ní ìbọn o, ṣùgbọ́n ọrun ló fẹ́ràn, òun ló sì ń gbẹ́ ọrun fún àwọn ọdẹ láti Òkè-Ìlá títí dé Ọ̀rà. Ó fẹ́ kí Afọlábí gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òun. Afọlábí ò fẹ́. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà tó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ káfíńtà kan ní Ọ̀tan Ayégbajú, ibẹ̀ náà ló ti gba ìgbàgbọ́. Bàbá wa ò bú u. Ì bá bú u, ì bá sàn. Ó kàn dákẹ́ sí i ni. Bí Afọlábí bá dọ̀bálẹ̀ kí i láàárọ̀, á dáhùn, á ní iṣẹ́ ńkọ́, Afọlábí á ní a dúpẹ́, ó parí. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni wọ́n fi ń kí ara wọn báyẹn, àní lẹ́yìn tó kọ́ṣẹ́ tán tó padà sínú ilé kan náà.

Ọdún kejì ilé-ìwé ọ̀fẹ́, nígbà tí òjò ń rọ̀ tí kò dá, ni bàbá wa kú. A sin ín. Ẹkún ọjọ́ yẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Ní agbolé tiwa, bí ọdẹ bá kú, ètò kan wà tí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe fún un, ìpà ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á di ẹrù ọdẹ rẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sínú igbó, wọ́n á fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó ti yọwọ́ láàárín wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọn kì í gbé ẹrù náà ńlẹ̀ àfi bí àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin bá kọ́kọ́ ta ọfà kan kọjá òrùlé ilé, kí òkú lè mọ̀ pé ilé tí òun fi sílẹ̀ kò ṣófo. Ọrun tó máa fi ta á, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbẹ́ ẹ. Títí wọ́n á fi ṣe é, opó ọdẹ kò gbọdọ̀ bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Kò gbọdọ̀ yọ ẹsẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

Ìyá wa, Moríyọ̀, ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà yẹn. Gbogbo ayé rẹ̀, ìta ló ń gbé. Abẹ́ igi ọ̀dán tó wà lẹ́yìnkùlé ni ó máa ń jókòó sí láàárọ̀, níbi tí oòrùn ti ń yọ sí i lẹ́sẹ̀, á máa ran òwú, á máa bá gbogbo ẹni tó ń kọjá ṣàwàdà. Wọ́n wá fi í sínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Nígbà tí mo fi ilé ọkọ mi sílẹ̀ ní Ọ̀rà tí mo wálé wá tọ́jú rẹ̀, ó ti ń húkọ́ tọ̀sán tòru. Ojoojúmọ́ ló ń bi mí léèrè kan náà.

“Bọ́láwùmí, ṣé ọrun ti parí?”

“Ó kù díẹ̀, ìyá.”

“Ẹ ṣe é kíá. Mo fẹ́ jókòó sí oòrùn kí n tó kú.”

Ọ̀rọ̀ náà ò ju báyẹn lọ. Kí Afọlábí gbẹ́ ọrun, kí ọrun náà má ṣẹ́, kí ìyá wa bọ́ sí oòrùn. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ń kùn pé kí ni onígbàgbọ́ ń wá nínú ìpà ọdẹ. Afọlábí ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀, ìyá òun lòun ń gbìyànjú àtimú jáde.

Ìyá wa náà ló sọ ibi tí igi wà fún un. Ó ní, “Àlàó,” oríkì tó ń pè é nìyẹn bí ọ̀rọ̀ bá dùn ún, “gòkè àjà ìdáná. Igi àtòrì kan wà lẹ́yìn àwọn ìkòkò. Bàbá rẹ gé e lọ́sẹ̀ tí o lọ Ọ̀tan. Ó ní tìrẹ ni. Ó ní o máa padà wá béèrè.”

Afọlábí gun àjà. Ó rí igi náà lóòótọ́, ó nípọn tó apá géńdé, ọdún mọ́kànlá èéfín ti sọ ọ́ di dúdú, ó gbẹ débi pé bí o bá fi ìka gbá a, á dún. Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó tì í lórí ilẹ̀ ìdáná. Mo rí i pé ó ń sunkún, mo bá yí ojú kúrò.

Ohun tí káfíńtà mọ̀ ló wá ṣe. Ó de igi náà mọ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó ta ìlà gbọọrọ lé e, ó fi ayùn là á sí méjì dọ́gbadọ́gba, ó sì fá ojú méjèèjì títí ó fi ń dán. Ó dára lójú, kò sírọ́ níbẹ̀. Ó gbẹ́ ìdajì kan di ọrun, ó fi ìdajì kejì ti ògiri, ó gbé ọrun náà lọ fi han Bàbá Babáyẹmí. Èmi náà tẹ̀ lé e. Bàbá gbà á, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n mí kanlẹ̀.

“Ta ló ní kí o fi ayùn la igi ọrun?”

Afọlábí dọ̀bálẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ pé kò dára.

“Àáké la fi ń là á, kí igi ya gba ibi tó bá wù ú. Ẹ̀yìn ọrun, ìhà tó kọjú sí ẹran yìí, a kì í fá a rárá. Èèpo nìkan là ń bó níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ń nà bí o bá fà á. Wò ó, o ti gé àwọn iṣan igi yìí. Ó yọ létí níbí. Ó tún yọ níbí. Níbi wọ̀nyí ni yóò ti là.”

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ gé òmíràn.”

“Kó tó gbẹ ńkọ́? Ọdún kan. Ṣé ìyá rẹ á lo ọdún kan nínú yàrá yẹn?”

Bàbá Babáyẹmí wò ó títí, àánú rẹ̀ wá ṣe wọ́n. Wọ́n ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: kí ó wá nǹkan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọrun náà, nǹkan tó lè nà tí kò ní já, tó máa di igi mú kó má là. Wọ́n ní bàbá wa mọ ohun tó ń lẹ̀ mọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ọrun rẹ̀ sì ti wà nínú ẹrù tí wọ́n ti dì, wọn kì í tú u. Wọ́n wá dá ọjọ́ ìpà sí ọ̀sẹ̀ méje.

Ọ̀sẹ̀ méje. Ẹni tó bá rí Afọlábí nígbà yẹn á káàánú rẹ̀. Bẹ́ǹṣì tí àwọn ilé-ìwé ń retí wà nílẹ̀, kò wò wọ́n. Ó ń rìn káàkiri Ìlá, ó ń fọwọ́ kan nǹkan, ó ń fà á, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ó bó ọparun, ó fá a tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní rárá, ó máa ń ya. Ó dán okùn ọ̀gbọ̀ wò, ó tú u dànù. Ọdẹ kan fún un ní awọ ẹtu tútù, ìyẹn ló kọ́kọ́ fọkàn tán. Ó yọ irun rẹ̀, ó rẹ ẹ́ sínú omi, ó fi gúlù tí àwọn káfíńtà ń sè lórí iná lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrun, ó fi okùn dì í gírígírí. Nígbà tó tú okùn lọ́jọ́ karùn-ún, awọ náà ti le, ó lẹ̀ mọ́ igi pinpin. Ó rọra fa ọrun náà, kò ké. Ó rẹ́rìn-ín. Mo sáré lọ sọ fún ìyá wa pé ó ti yọrí.

Ọyẹ́ dé lọ́sẹ̀ yẹn. Ọyẹ́ ọdún náà burú, ètè gbogbo wa ya. Láàárọ̀ ọjọ́ kan a ń jẹ ẹ̀kọ, a kàn gbọ́ “páù!” nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. A sáré dé ibẹ̀. Awọ ẹtu ti ká kúrò lẹ́yìn ọrun láti orí méjèèjì, àárín nìkan ló ṣì dì mọ́ ọn. Afọlábí kàn fi ìka kan kàn án báyìí, gbogbo rẹ̀ jábọ́ sílẹ̀. Ó ní òun ti fá igi náà dán jù, gúlù ò rí ibi dì mú. Ó fi ọ̀bẹ ha ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè ní ojú, ó tún awọ mìíràn lẹ̀. Ìyẹn náà ká.

Ìgbà tó wọlé wá sọ fún ìyá wa, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìyá wa húkọ́ títí, ó ní kí ó jókòó.

“Àlàó, ọrun tí bàbá rẹ fi ń dẹ igbó, ṣé o fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ rí?”

“Rárá, ìyá.”

“Kì í ṣe awọ. Sányán ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọ nígbà náà. Ó dé, ó ní, ‘Moríyọ̀, fún mi ní tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú aṣọ rẹ.’ Mo bú u, mo tún fún un. Ọrun yẹn ló lò títí ó fi kú.”

Ó wá nawọ́ sí abẹ́ ibùsùn, ó ní kí n gbé àpótí òun jáde.

Mo mọ ohun tó wà nínú àpótí yẹn. Gbogbo obìnrin ilé wa ló mọ̀ ọ́n. Aṣọ sányán tí wọ́n máa fi sin ín ló wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni ìyá wa fi ran òwú rẹ̀, ó gbé e fún ahunṣọ, ahunṣọ hun ún ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń hun òfì, wọ́n wá rán gbogbo rẹ̀ pọ̀ di odidi aṣọ. Lọ́dọọdún ó máa ń sá a sí oòrùn, á ní ká wá wò ó, á ní, “Èyí lẹ máa wọ̀ fún mi o, ẹ má fi àǹkárá sin mí.” A máa ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ tú ẹyọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan níbẹ̀,” ni ó wí, “kí ẹ fi lẹ̀ mọ́ igi yẹn.”

Háà! Orí mi gbóná. Mo ti ń gbé ìbínú kan kiri sí Afọlábí láti ọjọ́ tí bàbá wa ti kú, mi ò mọ̀ pé ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú mi. Mo jókòó lé àpótí náà lórí.

“Kò ní ṣẹlẹ̀! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ kọ iṣẹ́ bàbá sílẹ̀ nígbà tó wà láyé. Igi tó fi ọdún mọ́kànlá pa mọ́ fún yín, ẹ fi ayùn bà á jẹ́. Ó wá ku aṣọ tí ìyá máa wọ̀ wọlẹ̀! Kí àwọn obìnrin tó bá wá wẹ̀ ẹ́ tú aṣọ, kí wọ́n máa fojú sọ̀rọ̀ síra wọn pé àwọn ọmọ rẹ̀ ti gé e jẹ? Ẹ lọ wá nǹkan mìíràn!”

Afọlábí kàn ń wo ilẹ̀. Ìyá wa ní, “Bọ́láwùmí, èmi ni mo ni aṣọ mi.”

Mo ní, “Ìyá, ẹ dákẹ́.”

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ sí ìyá mi. Ẹ dákẹ́. Láyé mi mi ò sọ bẹ́ẹ̀ sí i rí. Mo ti àpótí náà padà sábẹ́ ibùsùn, Afọlábí dìde, ó jáde. Ìyá wa yí ojú sí ògiri. Ní ọjọ́ kejì ó bá mi sọ̀rọ̀ bíi pé kò sí nǹkan kan, ó ní kí n bá òun fi òwú dúdú sí abẹ́rẹ́ nítorí ojú òun ò ríran mọ́, pé etí aṣọ ọ̀fọ̀ òun ti tú. Mo fi òwú sí i fún un, inú mi dùn pé kò bínú sí mi.

Ibi tí Afọlábí lọ ni ọ̀dọ̀ àwọn alápatà. Wọ́n fún un ní iṣan gígùn tó máa ń wà lẹ́yìn màlúù. Ó sá a, ó fi òòlù onígi lù ú títí ó fi là bí òwú, ó ń rì í sínú gúlù, ó ń tò ó lé ẹ̀yìn ọrun náà lẹ́yọ lẹ́yọ. Iṣẹ́ yẹn dára o. Èmi tí mo ń bínú, mo dúró wò ó. Bàbá Babáyẹmí wá wò ó, wọ́n ní iṣan dára, kò sí nǹkan tó lè nà tó o, ṣùgbọ́n kì í tètè gbẹ. Wọ́n ní ó ń fẹ́ oṣù méjì, mẹ́ta. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ààbọ̀. Afọlábí ní kí wọ́n bá òun sún ọjọ́ síwájú. Wọ́n ní ọjọ́ tí àwọn ọdẹ bá ti dá fún òkú kì í yẹ̀. Ó bá ń gbé ọrun náà sí oòrùn láàárọ̀, ó ń gbé e sórí àjà ìdáná ní ìrọ̀lẹ́, níbi tí bàbá wa fi igi náà sí. Lójú, ó ti gbẹ.

Ọjọ́ náà pé. Láti òwúrọ̀ ni àwọn ọdẹ ti ń dé, láti Òkè-Ìlá, láti Ọ̀rà, wọ́n jókòó yí ẹrù bàbá wa ká. Mo bu omi fọ ẹsẹ̀ ìyá wa. Mo gbé àga rẹ̀ jáde sí abẹ́ ọ̀dán, mo nù ún, mo yí i kí ó kọjú sí oòrùn gan-an. Ìyá wa jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ìloro. Ó di ọwọ́ mi mú.

Afọlábí bọ́ sí àárín. Ó fi ọfà sí ọsán, okùn ọrun náà, ó gbé ọrun sókè sí òrùlé, ó fà á. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fà á tán. Mo ti ń mí èémí ìtura nígbà tí mo gbọ́ ọ. Kì í ṣe ariwo ńlá. Ó kàn ké bí igi ìdáná, ọrun náà sì ṣẹ́ níbi tí Bàbá Babáyẹmí fi àtàǹpàkò hàn wá gan-an, èérún rẹ̀ kan fò, ó la ẹ̀rẹ̀kẹ́ Afọlábí. Ọfà náà jábọ́ síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bàbá Babáyẹmí he àjákù ọrun, wọ́n fi èékánná tẹ iṣan tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Èékánná náà wọlé.

“Inú rẹ̀ ò tíì gbẹ,” ni wọ́n wí. Ohùn wọn lọ sílẹ̀. “Ó di ìgbà tí iṣu tuntun bá jáde. Títí di ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ọrun sókè nínú agbolé yìí.”

Iṣu tuntun! Oṣù méje. Àwọn ọdẹ dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kí wa kú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Afọlábí dúró sójú kan, ẹ̀jẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ sí àgbáda funfun tó wọ̀, kò nù ún. Ìyá wa fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sínú yàrá.

“Bọ́láwùmí, lọ gbé àga yẹn wọlé,” ló wí, “kí ìrì má baà pa á.”

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ro aṣọ yẹn. Mo mọ̀ pé mo ti ṣe ohun tí kò dára. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Afọlábí láti sọ pé kí á tú tẹ́ẹ́rẹ́ kan, pé ìdajì igi kejì ṣì wà lẹ́bàá ògiri, kí ó lẹ̀ ẹ́, kí ó tètè wà nílẹ̀. Bí mo bá dé ibẹ̀ tí mo rí ojú ọgbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, màá kàn bi í bóyá ó ti jẹun. Mo ń sọ nínú ara mi pé bó bá béèrè, n ó gbà. Kò béèrè. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ń dúró de èmi. Àwa méjèèjì dúró bẹ́ẹ̀, alágídí méjì.

Ìyá wa ò tún béèrè ọrun mọ́. Ikọ́ náà sọ̀ kalẹ̀ sí i láyà. Ní oṣù kẹta ọdún, òjò ò tíì rọ̀, ó ní kí n gbé òun sún mọ́ fèrèsé. Oòrùn díẹ̀ ń wọlé níbẹ̀, ó fi ọwọ́ rẹ̀ kan sínú rẹ̀. Ó kú kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ lọ́rùn rẹ̀.

Àwọn obìnrin ilé wa wá wẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n wẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n ní kí n gbé aṣọ wá. Mo ṣí àpótí, mo gbé sányán náà jáde, mo tẹ́ ẹ. Ìyàwó Bàbá Babáyẹmí fi ọwọ́ tẹ̀ lé ojú rírán rẹ̀, ó sì dúró.

“Ta ló rán ibí yìí?”

Mo wò ó. Gbogbo ojú rírán aṣọ náà dọ́gba, òwú rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí sányán fúnra rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo láàárín ni kò rí bẹ́ẹ̀. Òwú dúdú ni wọ́n fi rán an. Ó wọ́, ó tóbi, ó fò síbí, ó fò sọ́hùn-ún, rírán ẹni tí kò ríran. Mo ka àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú aṣọ náà. Ẹyọ kan ti dín.

Mo ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpótí. Ó wà níbẹ̀. Ó ká a róbótó, ó fi abẹ́rẹ́ gún un kó má tú. Abẹ́rẹ́ tí èmi fúnra mi fi òwú dúdú sí.

Ẹ gbà mí! Ní ọjọ́ kejì tí mo pariwo mọ́ wọn ló ti tú u, nínú yàrá dúdú yẹn, pẹ̀lú ìka nìkan. Ó ti tún èyí tó kù rán padà kí ojú má baà tì mí níwájú àwọn tó máa wẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣì wà nílẹ̀ nígbà náà. Tẹ́ẹ́rẹ́ náà ti wà lábẹ́ ibùsùn kí Afọlábí tó lu iṣan màlúù kan. Ó ń dúró kí á béèrè ni. Mo ti ní kí ó dákẹ́, ó sì dákẹ́.

“Òun ló rán an,” ni mo dá wọn lóhùn. Mo ṣubú lé aṣọ náà, mo ké títí wọ́n fi fà mí dìde.

A fi sányán náà sin ín. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ mo mú tẹ́ẹ́rẹ́ náà lọ bá Afọlábí. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ibi tí mo ti rí i. Mo rò pé á bú mi. Ó tú abẹ́rẹ́ kúrò, ó na aṣọ náà láàárín ọwọ́ méjèèjì, ó fà á, ó tún fà á, bó ti fa gbogbo nǹkan tó wà ní Ìlá lọ́dún yẹn. Kò já. Ó gbé e bo ojú.

Ó gbẹ́ ìdajì igi kejì. Ó ha ẹ̀yìn rẹ̀, ó rẹ tẹ́ẹ́rẹ́ náà sínú gúlù, ó tẹ́ ẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló fi gbẹ. Ọjọ́ mẹ́rin! Ó gbé e sórí àjà ìdáná, kò fọwọ́ kàn án mọ́ títí àwọn àgbẹ̀ fi wa iṣu tuntun.

Àwọn ọdẹ tún pé jọ. Afọlábí gbé ọrun sókè, ó fà á dé etí. Kò ké. Ọfà náà kọjá òrùlé, ó kọjá igi ọ̀dán, a ò rí ibi tó bọ́ sí. Àwọn ọdẹ hó yèè, wọ́n gbé ẹrù bàbá wa ńlẹ̀. Bàbá Babáyẹmí wá kọjú sí yàrá ìyá wa. Ọ̀rọ̀ kan wà tí olórí ọdẹ gbọ́dọ̀ sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ìpà tó parí, bóyá opó wà láyé, bóyá kò sí.

“Opó, bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Jáde sí oòrùn.”

Ilẹ̀kùn yàrá náà wà ní ṣíṣí. Wọ́n tún un sọ. Afọlábí gbé ọrun náà dání, ó sorí kọ́.

Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, èmi ni mo wọlé. Mo ká ẹní tí ìyá wa fi ń sùn, mo gbé e jáde lọ sábẹ́ ọ̀dán, mo sì tẹ́ ẹ síbi tí oòrùn wà.